Erùpẹ̀ Tí Ìyá Rẹ Ní Kí N Bù Wá

Mojíbọ́lá ọmọ mi,

Mọ́nsúrátù, ìyá rẹ, kú ní ọjọ́ kẹta tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá. Ó kú ni. Ẹ yéé sọ fún mi pé ó sùn. Kó tó kú, ó ní kí n bu erùpẹ̀ ojú oórì ìyá òun nínú igbó abúlé wọn, kí n dà á sórí tòun ní Bàrígà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúrò ní Ṣómólú wá sí abúlé wọn níbí láìdágbére.

Àlàáfíà ni mo wà.

Lánàá, mo yá kẹ̀kẹ́ Tíṣà tó ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà inú igbó yẹn ò ní àmì o!" Mo ní, "Mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín mọ́lúè ní Fádèyí kí wọ́n tó bí ẹ." Mo fa ìró ìyá rẹ ya, mo ń so ó mọ́ igi ní gbogbo oríta. Mo rí oórì náà, mo bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo ń tú aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè fi í sílẹ̀ kí òjò máa pa á. Ibi tí mo ti tú èyí tó kẹ́yìn ni gbòǹgbò ti gbé mi ṣubú. Ọ̀rá bẹ́, erùpẹ̀ dà sínú ẹrẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, gbogbo ọ̀nà jọ ara wọn.

Orúnkún mi wú díẹ̀. Orí ẹní ni mo wà, ara mi ò sì balẹ̀. Tíṣà ní kí n sinmi. Mo ní kó máa kọ̀wé ẹ̀ lọ.

Bá mi kí Ràmọ́nù ọkọ rẹ. Ìwọ ni àkọ́bí; ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ yìí ti di tìrẹ.