Okùn Tuntun Tó Wà Nínú Ọ̀rá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ọkọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Ara tèmi náà le, àmọ́ ohun tójú mi rí lánàá ṣì ń bà mí lẹ́rù bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Dúráìfù tó o fi ránṣẹ́ pé kí n fi kó nǹkan inú kọ̀ǹpútà pa mọ́ dé láyọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ìyá rẹ ti ń kú lọ kó tó dé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní bó bá tún kú, ó lè má jí mọ́. Ó ní kí n tètè kó gbogbo ìtàn tí ìyá rẹ fi ohùn ara rẹ̀ kà sílẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì tó ń kọ́ nígbà ayé rẹ̀ sínú dúráìfù náà. O mọ̀ pé látìgbà tó ti fi wá sílẹ̀, ibẹ̀ nìkan lohùn rẹ̀ kù sí.

O ti sọ fún mi lórí fóònù pé okùn tó bá dúráìfù wá ni kí n fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé ni mo máa ń kọ́kọ́ mú jáde. Mo fi okùn tuntun sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, mo mú èyí tí mo fi ń ṣáàjì fóònù mi. Ó kúkú wọlé wẹ́kú.

Wákàtí mọ́kànlá ni kọ̀ǹpútà ní yóò gbà. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mo bá jókòó tì í. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rọ náà ti gbóná, ó sì ń han gooro, ohun tó ti kó kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo bá ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni náà.

Ó wo okùn, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, eléyìí ò lè sáré láéláé. Èyí tó bá a wá dà?"

Mo na ọ̀rá sí i bí olè tí wọ́n ká mọ́. Iṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún péré ni okùn tuntun fi kó gbogbo rẹ̀ tán. Iṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà kú, kò sì jí mọ́ títí di òní. Torí okùn tí mò ń ṣìkẹ́, díẹ̀ ló kù kí n sin ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gbẹ́ni náà ki dúráìfù bọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣí ọ̀kan kí n gbọ́. Ìyá rẹ ń kàwé lọ, ló bá dánu dúró, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo ti lọ tì í.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn kò ní bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í gbàgbé rẹ.

Àfikún: Orúkọ rẹ ni ìyá rẹ kọ sára ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà. Mi ò jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni náà ṣí i. Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.