Kì í Ṣe Oòrùn Ọ̀sán, Òórùn Káńfọ̀ Ni

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́ o, torí ìyàwó wa náà máa ń ka page yìí. Èmi ni mo ba ọmọ àbúrò mi jẹ́... èmi tí gbogbo wọn ń pè ní àǹtí dáadáa.

Joju níbí ni mò ń gbé, àbúrò mi tó ń ṣe shift ní Àgbárá wà ní Itele pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bí àkọ́bí, mo ní kí wọ́n má náwó sí aṣọ, mo kó èyí tí àwọn ọmọ tèmi wọ̀ ní jòjòló fún wọn, fìlà, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, gbogbo ẹ̀. Inú àpótí ni wọ́n ti wà tipẹ́ pẹ̀lú káńfọ̀, kóró funfun tí a fi ń lé aáyán yẹn. Mo gbọn káńfọ̀ dànù, mi ò fọ nǹkan kan, mo kàn da páúdà sí i. Ìyàwó wa gbé e símú, ó ní àǹtí mi, òórùn yìí mà dáa o.

A ò tíì sọ ọmọ lórúkọ tí gbogbo ara ẹ̀ fi di yẹ́lò, títí dé ẹyinjú. Èmi ni mo gbé e wọlé lọ bá nọ́ọ̀sì, torí ìyá ẹ̀ ò lè dìde, ẹkún ló ń sun níta. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá a fi káńfọ̀ sáṣọ ọmọ, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ míì kì í gbà á, tó bá pọ̀ ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Mo ní rárá. Kí ló dé tí mo fi ní rárá? Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́... Ọmọ yẹn yè, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń sáré kiri, ọrùn tiẹ̀ ò dúró.

Màámi ní ìyàwó wa ló fà á, pé ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán nígbà tó lóyún. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe oòrùn, òórùn ni! Òórùn àpótí mi! Mo jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń bú u, mo tún ń bá a nu omijé. Òun náà ti gbà pé òun lòun jẹ̀bi.

Ó ti tún lóyún, ó ti wọ oṣù ẹ̀. Tọ́sàn-án bá ti pọ́n kì í yọjú síta, pín-ìnnì kì í kúrò létí aṣọ ẹ̀. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣí báàgì ọmọ hàn mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn aṣọ yẹn náà ni... ó fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní, ó wá da káńfọ̀ tuntun sáàárín wọn. Ó ní ìgbà tóun gbóòórùn ẹ̀ ní ìsọ̀ kan ní Sango lòun mọ̀ pé òórùn aṣọ àǹtí òun nìyẹn.

Tí mo bá ní mo gbọ́ lórí rédíò pé káńfọ̀ ò dáa, ṣebí á rántí lójú ẹsẹ̀? Tí mo bá jí aṣọ yẹn, ṣé kò ní ra òmíì? Àbúrò mi ò ní foríjì mí láéláé. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi, àmọ́ ẹ sọ bí mo ṣe máa la ẹnu mi... Àárọ̀ yìí ni ìyàwó wa pè mí, ó ní èmi lòun fẹ́ kó wọ aṣọ àkọ́kọ́ fún ọmọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?