Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Rìn Lórí Ìwé

Reine ọmọ mi, ṣé ara le? Iṣẹ́ olùkọ́ ní Kútọnú ńkọ́, ọkọ rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ìyá rẹ tó fi èmi sílẹ̀ kò ní jẹ́ kí n sin ẹlòmíràn mọ́. Samiratou aránṣọ ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi oyin sí i.

Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Orúnkún ń dùn mí, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ìròyìn ni ti títì tó lọ sí Kaboua tí wọ́n fẹ́ mú fẹ̀. O mọ̀ pé wọ́n ní ohunkóhun tó bá wà láàárín ọgbọ̀n mítà sí títì yóò kúrò, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe sàréè, ìyá rẹ sì wà nínú oko wa níbẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ dé, ti gbogbo ìlú Ṣábẹ̀ wa àti ti oko wa nìkan, pẹ̀lú páálí igi wẹ́wẹ́ tí o ní ká tò fúnra wa kó di kẹ̀kẹ́ kékeré tí à ń yí lórí àwòrán láti fi wọn ọ̀nà. Barthélemy gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọjọ́ méjì tò ó. Eyín tó yí etí àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ náà ká kò ju eyín eku lọ, ọ̀kan ń ti èkejì títí abẹ́rẹ́ òkè yóò fi tọ́ka sí iye. Ìṣó méjì ṣẹ́kù, a mọ̀ pé èènì lo fi ṣe, o ṣeun. Mo fi gun òkè Ṣábẹ̀ lórí ìwé, kẹ̀kẹ́ náà kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ojú ọ̀run ya ilẹ̀ wa kọjá lórí wa láìkí ẹnì kan, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ kò tó.

Lẹ́yìn náà mo wọn ọ̀nà sàréè ìyá rẹ lórí àwòrán oko wa. Láti etí títì mo yí i gba ibi tí à ń gbà, mo yí ebè iṣu Àbíbù tó bá wa pààlà ká, mo gba ẹ̀yìn igi kajú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Samiratou ka abẹ́rẹ́, ó ní mítà méjìléláàádọ́ta. Mo jẹun yó lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti sin ín.

Lọ́jọ́ Ajé, Félix, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àwọn tó ń ṣe títì, dé. Mo fi hàn án. Ó yin kẹ̀kẹ́ náà, ó ní òun yóò wá irú rẹ̀ fún ọmọ òun, ó wá gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i tààrà gba orí ebè Àbíbù kọjá! Mo pariwo. Mo bi í pé ilé ta ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa tẹ ebè ẹlẹ́bè. Àwa tí a gbé òkú ìyá rẹ lérí gan-an yí ebè náà ká, òòrùn sì ń pa wá. Ó ní kí n má bínú, pé títì kì í yí ebè ká. Tààrà jẹ́ mítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rin péré ló kù kó pé ọgbọ̀n, Reine.

Mo ní kó kọ méjìléláàádọ́ta, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà ni ọ̀nà. Ó ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òun. Ojú rẹ̀ fi hàn pé àánú mi ń ṣe é, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ̀rọ yóò dé, ẹni tó bá fẹ́ gbé òkú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó yára.

Fi owó pákó pósí tuntun àti aṣọ funfun ránṣẹ́, Barthélemy kò gba owó iṣẹ́. Wọ́n ní inú telifóònù Samiratou ni owó yóò gbà wọlé. Sọ fún owó náà kó má yà ní Bohicon lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni mo ń retí, dé ní Ọjọ́rú, kí ẹ̀rọ tó dé. Ìwọ á gbé ìhà orí ìyá rẹ, èmi á gbé ìhà ẹsẹ̀.

Ọlọ́run á sìn ọ́ délé. Ọjọ́ tí tìrẹ bá dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ rẹ ni yóò gbé ọ, kì í ṣe àlejò.

Èmi ni, bàbá rẹ.