Òórùn Kànáfùrù Nínú Àgbá Kẹta

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ibi tí mo wà yìí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bùọ̀dá Wálé àtìyàwó wọn ní Ìbafò, mo kí Ìyá Àgbà ní Ifọ̀. Òtútù ibí ṣì mú, àmọ́ oòrùn ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo sọ pé iléeṣẹ́ ọtí bíà ni mo ti ríṣẹ́, ẹ bi mí bóyá torí ọtí lẹ ṣe gbààwẹ̀ lórí físà mi. Látìgbà náà ẹ ò pè mí mọ́. Mo wá kọ lẹ́tà yìí síta, kí ẹ̀yin àti gbogbo ìyá tí ọmọ wọn wà lókè òkun lè jọ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Àgbá ni mò ń fọ̀. Inú àwọn àgbá onírin wọ̀nyẹn ni wọ́n ń da omi ọkà sí, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i, á máa hó títí á fi di ọtí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Martin, tọ́ ti àgbá kẹta wò, ó tu ú dànù. Ó ní ó ń rùn bí oògùn, pé mi ò fọ àgbá dáadáa ni, ìdọ̀tí ló bà á jẹ́. Iṣẹ́ yẹn sì ni ìwé ìgbélùú mi so mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀. Màmá, kànáfùrù ni! Èyí tí a máa ń gún sínú sóbò tí ẹ ń tà ní Mówè gan-an. Mo sọ fún un pé ìdọ̀tí kì í rùn báyìí. Ó ní ta ló bi mí.

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún. Mi ò rẹ́ni tí mo lè pè.

Helen, obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ìwúkàrà, ló ní kí wọ́n má tíì lé mi. Ó já ọ̀rá ìwúkàrà kan tí wọn ò tíì lò, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà, ó ní àbùdá tó jogún bíi ti èèyàn. Àwọn kan jogún agbára láti fa òórùn kànáfùrù jáde lára ọkà. Lára irú èyí tí a ń lò, àbùdá yẹn ti kú tipẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, èsì jáde: ẹni tó ń ta ìwúkàrà fún wa ló kó irú mìíràn wá. Àgbá mi mọ́!

Ọ̀gbẹ́ni Martin bẹ̀ mí lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Helen bi mí níbi tí imú mi ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Mo ní ọ̀dọ̀ ìyá mi ni. Ó ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ó ní irú ìmọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, àti díẹ̀ lára abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, irú èyí tí Ìyá Àgbà ń gbà.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa wọ aṣọ funfun wọlé àyẹ̀wò. Màmá, mi ò mutí o. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí orúkọ iṣẹ́ náà bá ṣòroó pè níbẹ̀, ẹ ṣáà dárúkọ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Rónkẹ́