Wọ́n Ti Ṣèwádìí Rẹ Dé Ọ̀dọ̀ Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí láyọ̀, láyọ̀ náà ni yóò máa mú ọ wọlé. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì, ọ̀kan fojú jọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gan-an. Àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ̀wé, inú mi ló ń dùn tí mi ò lè gbé e mọ́ra.

Obìnrin tí o ní yóò pè mí ti pè o! O ní láti ọ́fíìsì yín ni, o ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò di ọ̀gá pátápátá lórí owó ilé-iṣẹ́ yín, pé o mọ ìṣirò lóòótọ́ àmọ́ wọ́n ní ìyẹn nìkan ò tó, wọ́n fẹ́ mọ bí o ṣe ń bá èèyàn gbé. Hẹn-ẹn. Ṣé ọmọdé ni mí ni? Ta ló ń béèrè ìwà ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí kì í ṣe àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ? Ìtìjú ló ń ṣe ọ́, mo mọ̀. Mo jẹ́ kí fóònù máa dún, mo kọ́kọ́ sáré lọ wọ aṣọ tó dáa, kí àna mi má baà bá mi nínú aṣọ ìdáná.

Ó bi mí bóyá o máa ń fetí sílẹ̀. Mo ní ọmọ yìí á gbọ́ tẹnu bàbá rẹ̀ tán, á gbọ́ tèmi, á wá parí ìjà náà tí àwa méjèèjì á fi máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé o lè ṣàlàyé owó fún ẹni tí kò mọ̀wé. Mo ní ìwọ lo ṣàlàyé báǹkì fún mi, pé owó mi wà níbẹ̀ bí mi ò tilẹ̀ rí i, tó yé mi yékéyéké, bí mo tilẹ̀ ń lọ kí owó náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ṣé o lè sọ fún àgbà pé rárá láì rí i fín. Mo sọ ti ọdún tí bàbá rẹ fẹ́ fi owó òrùlé ra alùpùpù, tí o kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ó bínú o, àmọ́ nígbà tí òjò dé, inú ilé wa gbẹ.

Mo wá béèrè tèmi, pé ṣé ẹbí náà pọ̀. Ó ní àwọn tí yóò wà lábẹ́ rẹ lé ní igba. Yéè! Mo ní ta ni ìwọ fúnra rẹ yóò máa jábọ̀ fún, ó ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́wàá ni. Àna mẹ́wàá! Mo di orí mú, àmọ́ mo ní wàá ṣe é.

Ìgbà yẹn ló béèrè àléébù rẹ. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá rẹ ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n panu mọ́, àmọ́ mi ò lè purọ́ fún wọn. Mo ní ọmọ mi kì í sọ pé ó rẹ òun. Ẹrù gbogbo èèyàn ló ń gbé, kì í ké sí ẹnì kankan, tó bá pè mí ohùn rẹ̀ á ti há, á ní dáadáa lòun wà. Obìnrin náà ní kí n dúró, kí òun kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo rò pé mo ti ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́, omi ti lé ròrò sójú mi. Ló bá ní Mama, àwọn ti mú un, àwọn á sì wá igbákejì fún un.

Igbákejì kẹ̀! Ẹ ò tíì gbé ìyàwó àkọ́kọ́ wọlé, ẹ ti ń wá èkejì! Mo figbe ta, bàbá rẹ ti ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni yẹn ni yóò gba ìdajì ẹrù lọ́wọ́ rẹ, kí o lè máa ráyè wálé.

Jọ̀wọ́, fi owó ọ̀dà ránṣẹ́ ká fi kun pálọ̀, àti owó àga, torí àna mẹ́wàá ò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Awakọ̀ ni kí o fi rán. Èyí tí o ní o fi sínú fóònù lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ilé tí o ń lọ á tù ọ́ lára. Ọ̀rọ̀ rẹ á máa dùn létí wọn. O ò ní rẹ̀wẹ̀sì.

Ní ti igbákejì yẹn, èmi àti bàbá rẹ ti jọ sọ ọ́. Ojú rẹ ń wù mí í rí, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ orogún ló máa jẹ́ kí o wálé, kí wọ́n mú un wá. Màá máa bu oúnjẹ tiẹ̀ náà sílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.