Ajá tó Jókòó sí Ẹ̀yìn Ilé Wa

Kúje-Àmúwo,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ.

Jayéọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Ìlọrin. Ara mi le bí mo ṣe ń kọ èyí, àfi orúnkún tó ń dùn mí, ìyẹn ò sì tó ohun tí à ń kọ lẹ́tà sí. Mo gbàgbọ́ pé ìwọ àti ọkọ rẹ wà dáadáa.

Hafeez ẹ̀gbọ́n rẹ ti wálé. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ pé wọ́n tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an, torí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

O rántí Henry, ayálégbé wa, àti Lilian ìyàwó rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Henry jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Satellite Town, kò padà wálé mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òun àti Hafeez ti jà lórí omi tánkì débi pé wọ́n di ara wọn lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré sẹ́yìn ilé ìdáná ni. Ìwọ náà rò ó wò.

Ọ̀gá Ọlábánjí, ọlọ́pàá tó ń kọ́ ajá láti wá òkú, mú ajá rẹ̀ wá. O mọ̀ mí pẹ̀lú ajá. Mo ti ń wá ọṣẹ tí màá fi fọ fàráńdà. Ajá náà fimú finlẹ̀ yí ilé ká, kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé orí kọnkéré, ó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n mú un jáde, wọ́n tún mú un gba ọ̀nà kejì wọlé, ibẹ̀ náà ló tún jókòó sí. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, ìkòkò kan ló jáde, ohun inú rẹ̀ sì ti rà. Àwọn ará àdúgbò ní wọ́n ti fi Henry ṣoògùn owó. Lilian ṣubú lulẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Hafeez.

Jayéọlá, èmi ni mo sin ìkòkò náà. Nígbà tí Balqees ìyàwó Hafeez bímọ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, èmi ni nọ́ọ̀sì gbé olóbi ọmọ náà, ibi tó bá a wáyé, fún. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ni pé ẹni tó bá sin olóbi nìkan ni í mọ ibẹ̀, kí ọ̀tá má baà hú u fi bá ọmọ jà. Hafeez ò mọ̀ tó fi da kọnkéré lé e. Ajá tí mò ń wá ọṣẹ nítorí rẹ̀ gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa gba inú kọnkéré, yẹ̀pẹ̀ àti ìkòkò. Ẹnu yà mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọba tó dá irú imú bẹ́ẹ̀ tóbi.

Síbẹ̀ mo dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ náà, pé gbogbo Kúje yóò mọ̀ pé olóbi rẹ̀ ni. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi dákẹ́, tí ọmọ mi wà látìmọ́lé. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Baba ọmọ ni wọ́n tì mọ́lé yẹn. Ni mo bá lọ bá Ọ̀gá Ọlábánjí, mo jẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì jẹ́rìí, dókítà yẹ ohun inú ìkòkò wò, bí mo ṣe wí ló rí.

Ọ̀gá náà ní, "Ìyá, imú ajá yìí ò purọ́, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ èèyàn. Ó ní ara èèyàn ti rà níbí. Kò sọ pé wọ́n pa èèyàn. Àwa la fi tiwa kún un, ẹ má bínú."

Lilian ni ojú ń tì mí jù láti rí, òun ló sì kọ́kọ́ wá. Ó ní, "Mama, inú mi dùn pé kì í ṣe Henry." Ló bá tún bú sẹ́kún, torí títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. O ò ní wá ẹni rẹ tì.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Làtífátù.

Àfikún: Wọ́n ti dá ìkòkò náà padà. Èmi àti Lilian la jọ tún un sin. Òun náà mọ ibẹ̀.