Nítorí Kọ́mà Kan

Ìṣẹ́gun, 5 Máàṣì 2024
Tiwaladé àbúrò mi pè láti Oǹdó. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn kékeré kan. "Àǹtí mi, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò òògùn fẹ́ bá wa pa ọmọ." Ó tẹ ìwọ̀n ọmọ ìkókó kan sí i: 4,5. Ó fi kọ́mà síbi tó yẹ kí póìǹtì wà. Ètò náà fo kọ́mà, ó kà á sí kílò márùndínláàádọ́ta. Òògùn àgbàlagbà ló ní kí wọ́n fún ọmọ náà. Ọpẹ́lọpẹ́ ojú Tiwaladé.

Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lo ètò yìí.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì
Kò sí iná ní gbogbo Àkúrẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ti di ohun ọ̀ṣọ́ nílé wa — ta ló fẹ́ ra epo? Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ Olúrántí, télọ̀ tó ní sólà ní Ọjà Ọba. Ètò náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wo inú rẹ̀, kó fi àtúnṣe ránṣẹ́. Mo rí ibi tó ti bàjẹ́. Mo tún un ṣe. Ó ku ọ̀rọ̀ tí à ń kọ mọ́ àtúnṣe, tí à ń pè ní kọ́mìtì mẹ́séèjì. Bátìrì sólà ń lọ sílẹ̀. Mo kọ "Mo tún kọ́mà ṣe", mo sáré fi ránṣẹ́.

Ẹtì, 8 Máàṣì
Kò sí èsì.

Àìkú, 10 Máàṣì
N kò gbọ́ ìwàásù. Gbogbo ọmọ tí wọ́n pọ̀n wọlé ni mò ń fi ojú wọ̀n.

Ajé, 11 Máàṣì
Èsì dé. Ọ̀dọ̀ Dúrótoyè ni, ẹni tó ń bójú tó ètò náà láti Ìbàdàn. Baba Kílódé ni mo ń pè é níkọ̀kọ̀, torí "kí ló dé?" ló máa ń bi gbogbo ẹni tó bá mú àtúnṣe wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ bi mí. "A dúpẹ́, arábìnrin. Ọ̀rọ̀ àmì ìkọ̀wé lè dúró. A ó wò ó lóṣù tó ń bọ̀."

Àmì ìkọ̀wé! Ó rò pé gírámà ni mò ń tún ṣe. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ohun tí mo kọ ló kà.

Mo tún un kọ: "Má jẹ́ kí 4,5 di 45: ó ń sọ òògùn ọmọ ìkókó di ìlọ́po mẹ́wàá." Lábẹ́ rẹ̀ — ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Óǹdó, ìdí rẹ̀, ohun tí mo yí padà, bí òun náà ṣe lè dán an wò. Mo kà á fún Olúrántí. Kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ó ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀: "Yéè! Ẹ fi ránṣẹ́ kíá!"

Baba Kílódé kò kọ èsì. Ńṣe ló pè. "Mo ti fi sínú ètò. Kí ló dé tí o kò sọ báyìí láti ọjọ́ yìí?" Mo ní kó má bínú. Ó ní, "Ta ló ti tẹ kọ́mà kí àbúrò rẹ tó rí i?"

Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì
Mo bi Tiwaladé: Goodness ni. Òun àti Tiwaladé jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan tí ibà ń ṣe ló tẹ ìwọ̀n rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ti Tiwaladé. Ìyá rẹ̀ ti gba ìwé òògùn náà lọ sílé. Wọ́n ń wá ilé náà kiri.

Ọjọ́rú, 13 Máàṣì
Wọ́n rí i. Ọmọ wà láàyè! Ìyá rẹ̀ ló tún ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. N kò ra òògùn yẹn. Ó wọ́n jù." Omi tútù ló fi ń nu ọmọ lára títí ibà fi lọ.

Mo sunkún ayọ̀. Mo pe Baba Kílódé, mo ròyìn fún un. Ó ní, "Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn tó ń lo ètò yìí, tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́?"